Ẹ̀rọ Tó Dé Ṣáájú Iná

Mo ti ra ẹ̀rọ ìlọta oníná kí iná tó dé ìlú wa. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi, má bá mi tún un ṣe. Mo mọ̀ pé kò síná. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kò lè yí bí kò bá síná. Mo rà á bẹ́ẹ̀ náà.

Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú ni nígbà náà. Ìlú wa kò tóbi, ó wà lójú ọ̀nà tó ti Ṣakí lọ sí Ago-Amodu, iṣu àti òrí la sì fi ń jẹun. Ọkùnrin ló ni iṣu, obìnrin ló ni òrí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, inú agolo lẹ ti mọ òrí. Ẹ máa fi ìka méjì bù ú, ẹ ó fi pa ẹsẹ̀, ó parí. Ẹ ò mọ ohun tí ojú wa rí lórí rẹ̀. A ó ṣà á nínú ìrì lábẹ́ igi, a ó sè é, a ó sá a, a ó pa á, a ó yan án, a ó gún un lódó. Gbogbo ìyẹn, eré ni. Ọlọ ló kù. Lórí ìkúnlẹ̀ ni a ti ń lọ̀ ọ́, títí tí yóò fi dúdú, tí yóò fi máa dán, kí a tó wá da omi sí i kí a máa pò ó. Lọ́jọ́ tí mo bá lọ òrí, ọwọ́ mi kì í gbà fún mi láti di ìró ara mi. Ọkọ mi ló máa ń bá mi so ó, á ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n rí mi ni?" á sì kọ́kọ́ yọjú síta wò kí ó tó so ó.

Bàbá ọkọ mi ni baálé ilé wa. Ó ní rédíò kan tó máa ń fi kọ́ ẹ̀ka dogoyárò ní ojúde. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ìròyìn lédè Yorùbá, gbogbo ilé ni yóò dákẹ́, àfi àwọn ewúrẹ́. Ọjọ́ kan ni mo jókòó tí mò ń fẹ́ èèpo òrí kúrò, ni rédíò bá ní ìjọba fẹ́ gbé iná mànàmáná ti Ìsẹ́yìn gba gbogbo Òkè-Ògùn lọ, pé òpó ti ń wọlé, pé wáyà ti ń wọlé, pé àwọn ìlú kéékèèké náà yóò rí i. Mo sọ igbá sílẹ̀. Mo ní, "Baba, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́?"

Baálé ní, "Mo gbọ́ ọ. Kí ojú náà rí i ló kù."

Èmi ò dúró de ojú. Nígbà tí mo kó òrí lọ fún oníbàárà mi ní Ìbàdàn, mo rí ẹ̀rọ náà ní ìsọ̀ ọkùnrin kan. Ó jókòó síbẹ̀ bí ọba, ó dúdú, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ là sókè. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ kan nǹkan kan lára ògiri báyìí, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó sì lọ ẹ̀gúsí kí n tó rí itọ́ gbé mì. Orí mi wú. Gbogbo ohun tí mo ti kó jọ lórí òrí láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo tú jáde ní ìdí aṣọ mi.

Ọkùnrin náà ń bá mi dì í. Ó ní, "Ìyá, iná ibi tiyín ń ṣe dáadáa ṣá?"

Mo ní, "Ó ń bọ̀ lọ́nà."

Ó fi okùn sílẹ̀. "Ṣé kò ì tíì dé? Ẹ̀yin ti wá ń ra obì kí àlejò tó dé?"

Mo ní, "Ìgbà wo ni wọ́n ń rà á nílé tiyín? Ṣé ìgbà tí àlejò bá ti jókòó tán?"

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì fi okùn tuntun kún un fún mi.

Ìyálé mi ló kọ́kọ́ rí i nígbà tí lọ́rì já a sílẹ̀. Ìyálé mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, obìnrin tó dùn ún bá gbé ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí. Ó yí ẹ̀rọ náà ká.

"Ìyàwó, epo wo lèyí ń mu? Ti mọ́tò ni tàbí ti fìtílà?"

"Kì í mu epo, ìyálé mi. Iná ló ń lò."

"Iná wo?"

"Iná ìjọba."

Ó wo òkè. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó ń wá wáyà láàrin àwọsánmà. Lẹ́yìn náà ló pàtẹ́wọ́, ó sì fi ìdí jókòó sílẹ̀. "Ẹ wá o! Ẹ wá bá mi wo ìyàwó mi! Ó ti ra ìjánu, ẹṣin ṣì wà nínú ìyá rẹ̀!"

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ mí ní Ìyá Onírin. Bí mo bá kọjá lọ sódò, àwọn ọmọdé á máa bi mí pé, "Ìyá Onírin, ṣé ó ti ń yí?" A gbé ẹ̀rọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi ògbólógbòó ìró bò ó. Àdìẹ ìyálé mi kan wá rí i pé ẹnu ẹ̀rọ náà jinlẹ̀, ó sì gbóná, ló bá wọ inú rẹ̀ lọ yé ẹyin. Ìyálé mi jáde sójúde, ó ké tantan pé, "Ẹ̀rọ ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́ o! Ẹyin ló ń lọ̀!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni mo lè ṣe? Ṣùgbọ́n bí mo bá kúnlẹ̀ nídìí ọlọ, tí mo gbójú sókè tí mo rí àdìẹ tó ń wò mí láti inú ẹ̀rọ mi, ẹ̀rín náà kì í dé inú.

Òrí so, a ṣà á, ó tún so, a tún ṣà á. Ẹ̀rọ kò yí.

Ọjọ́ tí wọ́n lu agogo pé kí gbogbo ìlú wá sí ojúde ọba, mo ti mọ̀. Àyà mi sọ fún mi. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá, wọ́n gbé àga fún wọn lábẹ́ igi. Èyí tó jẹ́ ọ̀gá nínú wọn ní iná ti kúrò ní Ìsẹ́yìn, ó ń bọ̀. Ó ní ìjọba ló ra òpó, ìjọba ló ra wáyà àti tìránsífọ́mà, a ò ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú ni yóò la ọ̀nà, ìlú ni yóò gbẹ́ ihò. Ojú títì ni òpó yóò gbà kọjá. Àdúgbò tó bá fẹ́ kí ó yà wọlé wá bá òun gbọ́dọ̀ ti gbẹ́ ihò tirẹ̀ sílẹ̀ kí lọ́rì tó dé. Àdúgbò tí kò bá ní ihò, òpó rẹ̀ yóò kọjá lọ síwájú fún àwọn tó ní.

Ẹ̀yìn àpáta ni ilé wa wà, ó jìnnà sí títì díẹ̀. Ẹ̀rọ mi sì wà níbẹ̀, pẹ̀lú àdìẹ nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọkùnrin kan wá pẹ̀lú awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Wọ́n ń di ojú kan, wọ́n ń ṣí ọ̀kan, wọ́n ń juwọ́ síra wọn. Wọ́n gún èèkàn láti etí títì títí dé ìdí ògiri ilé wa, èèkàn tó gún régé, tí wọ́n kun orí rẹ̀ ní pupa. Wọ́n ní ibi tí èèkàn bá wà ni kí a gbẹ́. A ní a ti gbọ́. Wọ́n lọ.

Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ mi, kò sí ní ìpàdé ojúde ọba. Ó ní àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ kò lè dá wà. Ewúrẹ́ wọ̀nyẹn, ó fẹ́ràn wọn ju àwa ìyàwó lọ, ó sì máa ń sọ ọ́ lójú wa. Nígbà tí mo ń bọ̀ láti odò ní ọjọ́ kejì, mo rí i pé ó ti so ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ àwọn èèkàn pupa yẹn. Mo rẹ́rìn-ín, mo kọjá. Ta ni yóò rí ewúrẹ́ lára èèkàn tí yóò ní kí ló dé? Òun gan-an ni wọ́n ń gún èèkàn fún.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nígbà yẹn ni àwọn tí yóò gbẹ́ ihò. Ìgbà ebè ni. Gbogbo ọkùnrin tó lè gbé ọkọ́ ló ti lọ sí oko ìdí igbó, wọn kì í sì í wálé àfi ọjọ́ Jímọ̀. Ilẹ̀ ẹ̀yìn àpáta kì í sì í ṣe ilẹ̀ tí à ń fi ọwọ́ lásán gbẹ́, yangí ni, bí o bá sọ ọkọ́ sí i, yóò dá a padà fún ọ. Wọ́n sì ti ránṣẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ọjọ́ ọjà wa, ni lọ́rì ń bọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn Baálé pe gbogbo wa jọ. Ó ní, "Ta ni yóò gbẹ́ ihò yìí?"

Àwa obìnrin àti àwọn ọmọdé ló jókòó síwájú rẹ̀.

Ìyá Àgbà ní, "Ṣé ẹ ò ní àna ni?"

Ó yẹ kí n sọ èyí kó yé yín, nítorí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, owó lẹ fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ọmọ wa, lọ́dọọdún ni yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá wa ṣiṣẹ́ oko lọ́jọ́ kan. Ọ̀wẹ̀ àna nìyẹn. A ó gúnyán fún wọn, a ó pa ẹtù. Bí wọ́n bá ti jẹun tán, iṣẹ́ parí. A kì í tún bẹ àna níṣẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Ìdílé tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti tẹ́ nìyẹn, wọn yóò máa fi bú ọmọ wọn nílé ọkọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún, ebè Baálé ni wọ́n sì máa ń kọ.

Baálé ní, "Ebè mi ńkọ́?"

Mo kúnlẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ìyálé mi ló sọ ọ́, láti ẹ̀yìn mi: "Baba, bí iná ò bá dé ilé yìí, àdìẹ mi ló ni ẹ̀rọ yẹn títí ayé."

Baálé wo ẹ̀rọ náà. Àdìẹ yọrí, ó tún wọlé. Baálé gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá ta gbogbo iṣu tí mo ti gbìn láti kékeré, kò lè ra òpó tó ti Ìsẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà mi. Ìdílé wo ló lè rà á? Ọba wo gan-an? Ìjọba nìkan ló lè ṣe é. Bí ìjọba bá wá gbé e dé ẹ̀yìn àpáta, tí ó ní kí n kàn fún òun ní ihò, ṣé ihò ló wá yẹ kí ó wọ́n mi?" Ó dìde. "Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn àna. Kí wọ́n má mú ọkọ́ wá. Kí wọ́n mú dígà."

Wọ́n wá, lọ́jọ́ kejì ọjà gan-an! Ọmọ mi, ìbá ṣe pé o wà níbẹ̀. Àwọn ti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ti gbéra ní ìdájí, a gbọ́ orin wọn kí a tó rí wọn. Àwọn ti Ago-Amodu dé lórí kẹ̀kẹ́. Àwọn àna tó wà nínú ìlú wa gan-an ti ń pọ́n dígà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n pín èèkàn láàrin ara wọn, ilé àna kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, wọ́n tú ewúrẹ́ sílẹ̀, wọ́n fa èèkàn jù, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Yangí ń fọ́, iná ń ta lẹ́nu dígà.

"Ẹ̀yin ará Ago-Amodu! Ihò òkété lẹ ń gbẹ́ ni?"

"Òkété tó bá bọ́ sí tiwa kò ní jáde mọ́. Tiyín lọmọ àdìẹ ń fò kọjá!"

Èyí tó lẹ́nu jù nínú wọn ni ọkọ àbúrò ọkọ mi, ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ọkùnrin tó ga tó sì dúdú. Èmi ni mo gbé omi fún un. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Onírin? Mo ti gbọ́ ìròyìn yín dé ilé wa. Wọ́n ní ẹ̀rọ yín ti bímọ mẹ́jọ." Mo ní, "Bí ihò yín bá jìn tó, yóò bí ẹ̀kẹsàn-án lójú yín." Ó mu omi tán, ó da ìyókù sí orí ara rẹ̀, ó tún wọ inú ihò.

Kí wọ́n tó pe ìrun Ayìlà lọ́sàn-án wọ́n ti parí. Wọ́n kírun, wọ́n jẹun. Ẹtù méje ló lọ. Wọ́n wá tẹ́ ara wọn sílẹ̀ lábẹ́ dogoyárò, wọ́n tú bẹ́líìtì, wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ ta eyín. Inú mi ń dùn débi pé mo ń jó bí mo ṣe ń kó àwo.

Ibẹ̀ la wà tí lọ́rì fi dé. Ó gùn bí ejò, òpó wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo afẹ́fẹ́ kún fún òórùn ọ̀dà. Fọ́máànù wọn bọ́ sílẹ̀. Ará Abẹ́òkúta ni, ohùn rẹ̀ fi hàn. Ó rí ihò àkọ́kọ́, ó mi orí. Ó rí èkejì, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́." Ó wá dé ẹ̀yìn àpáta, ó dúró. Ó padà sẹ́yìn. Ó di ojú kan. Ó ṣí i.

Ó ní, "Ta ló gbẹ́ eléyìí síbí?"

Ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ní, "Èmi ni. Ibi tí èèkàn wà ni."

"Èèkàn kò sí níbí. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gún un." Ó tọ́ka sí ọ̀tún, ó tọ́ka sí òsì. Ìgbà náà ni àwa náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. Láti títì dé àpáta, ihò tẹ̀léra wọn gbọnrangandan. Láti àpáta dé ilé wa, ọ̀kan yà sí apá odò, ọ̀kan yà sí ìdí igi ọsàn, wọ́n ń rìn gbéregbère bí ẹni tó mu ọtí. "Wáyà iná kì í yà lọ kí ará ilé. Ta ló fọwọ́ kan èèkàn mi?"

Ìyá Àgbà dáhùn láti ìdí ewúrẹ́ rẹ̀. "Èmi ni."

"Ìyá, kí ló dé?"

"Koríko ibi àkọ́kọ́ ti tán."

Fọ́máànù ṣí fìlà. "Ìyá, èèkàn ìjọba ni!"

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ó dára gan-an. Ó ju tèmi lọ."

Èmi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún. Kò sí ẹni tí yóò rí ìyá arúgbó kan tó fa èèkàn ewúrẹ́ tu, tó gún un sí ibi tí koríko tútù wà, tí yóò ronú ẹ̀ẹ̀mejì. Ohun tí a ti ń ṣe láti ayébáyé nìyẹn. Ojú wa là sílẹ̀, a ò rí i.

Fọ́máànù tẹ gìgísẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ibi mẹ́rin. Ó ní, "Ibí, ibí, ibí, ibí. Bí wọ́n bá ti ri àwọn ti títì tán, mo ń padà bọ̀ níbí. Bí ihò bá wà, mo ri òpó. Bí kò bá sí, àdúgbò tó wà níwájú ti gbẹ́ tiwọn, mo sì ní láti kúrò níbí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má bínú, kì í ṣe èmi ni mo ni òpó." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkanra. Ó kàn sọ ọ́ ni, ó lọ.

Àwọn àna ń wo ara wọn. Ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ní ohùn kékeré, "A ti jẹun." Kì í ṣe ọ̀lẹ, ọmọ mi. Bí ó bá dìde fúnra rẹ̀, ó dà bí ẹni tó ń sọ pé oúnjẹ wa kò tó. Bí Baálé bá sì bẹ̀ wọ́n, Baálé ti tẹ́. Baálé ń wo ilẹ̀. Mo wo ìyálé mi, mo ń retí ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Ni mo bá gbọ́ "Gbì!"

Ìyá Àgbà ti gbé dígà. Ó ti so ìró rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó dúró sí ibi gìgísẹ̀ àkọ́kọ́, ó gbé dígà sókè pẹ̀lú apá tó rí bí igi ìdáná, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Gbì! Yangí kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n lu òun.

Àwọn àna fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Ibo ni àna ti ń dúró wo ìyá ìyàwó rẹ̀ nínú oòrùn pẹ̀lú dígà? Ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí sáré dé ibẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀, gbogbo aṣọ àlejò rẹ̀.

"Ìyá, ẹ gbé e fún mi."

"Ẹ ti jẹun, ọkọ ọmọ mi. Ẹ lọ sinmi." Gbì!

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má dójú tì mí. Kí ni n ó sọ fún ọmọ yín nílé?"

"Ẹ sọ fún un pé àwa kì í bẹ àna níṣẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ." Gbì!

"Ẹ ò bẹ̀ wá!"

Ó fi dígà tilẹ̀. "Kí lẹ wí?"

"Ẹ ò bẹ̀ wá o! Àwa la bẹ̀ yín!" Gbogbo wọn ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ nígbà yẹn, ti Ago-Amodu, ti ìlú wa, gbogbo wọn.

Ìyá Àgbà yíjú sí Baálé. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Kí gbogbo ilé gbọ́ ọ." Ó wá na dígà sí ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. "Ó dáa. Bí ó bá ti wù yín."

Ha! Irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Iyán wà nínú wọn, ìtìjú wà lẹ́yìn wọn. Wọn ò pín ihò fún ilé kan mọ́, bí ẹni kan bá jáde, ẹlòmíràn ń bọ́ sínú rẹ̀. Àwa obìnrin ń fi agbada kó erùpẹ̀. Èmi àti ìyálé mi la jọ gbé agbada kan, ó di etí kan mú, mo di ìkejì. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Ìyàwó, bí ẹ̀rọ yìí kò bá yí lẹ́yìn gbogbo èyí, èmi fúnra mi ni n ó wọ inú rẹ̀ lọ sàba." Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo da erùpẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí fọ́máànù padà, ìdí àwọn méjì tó ń gbẹ́ ihò ìkẹyìn nìkan ló ń yọ. Ó di ojú kan. Ó ṣí i. Ó ní, "Ẹ mú òpó wá." Wọ́n fi okùn fà á, wọ́n fi igi ẹlẹ́ka méjì tì í lẹ́yìn, gbogbo wa ń pariwo "Hó! Hó! Hó!" títí ó fi dìde dúró, tí ó wọlé gbìì. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Ọ̀dà lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò tètè fọ̀ ọ́.

Wáyà pẹ́ kí ó tó tẹ̀lé òpó. Òpó dúró lásán, ẹyẹ ń bà lé e. Baálé jẹ iṣu tí kò tó nǹkan lọ́dún yẹn, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní, "Ìyókù wà nínú ihò òpó." Ṣùgbọ́n ìjọba tó gbé òpó wá náà ló gbé wáyà wá, ló gbé tìránsífọ́mà wá. Àwọn kan ń bínú pé ó ń pẹ́, mo ní kí wọ́n rìn láti Ìsẹ́yìn dé ibí, kí wọ́n máa ka òpó tó wà lọ́nà, kí wọ́n tó bínú.

Ìrọ̀lẹ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ni wọ́n ní àwọn ń tan án. Gbogbo àdúgbò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Wọ́n ti so gílóòbù kan mọ́ àjà, wọ́n ti fi wáyà so ẹ̀rọ mi mọ́ ògiri. Mo ti yan òrí sílẹ̀, mo ti gún un. Àdìẹ tún wà nínú ẹ̀rọ. Ìyálé mi ló tẹ̀ síwájú tó gbé e jáde, ó ní, "Ìyá arúgbó, àyálégbé ni ọ́, onílé ti dé." Ó kó ẹyin sínú ìpèlé rẹ̀.

A dúró. Gbogbo ojú wà ní àjà. Gílóòbù kàn ṣàdédé pọ́n, ó funfun, ariwo ta. Mo na ọwọ́, mo tẹ nǹkan tí wọ́n ní kí n tẹ̀.

Ẹ̀rọ bú ramúramù. Gbogbo èèyàn tú jáde! Baálé gan-an sá, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ dé ìdí dogoyárò. Èmi nìkan ló kù nínú ilé, mo di ẹ̀rọ mi mú bí ẹni tó di ẹṣin mú. Mo da òrí sí i lẹ́nu. Ó sì ń jáde ní ìsàlẹ̀, ọmọ mi, ó dúdú, ó ń dán, ó jò bí oyin. Ohun tó máa ń gbà mí láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi kanrí, agbada kún kí n tó kí ara mi kú iṣẹ́. Mo fi ìka bù ú. Kò sí kókó kankan nínú rẹ̀. Mo wo ọwọ́ mi, kò ta mí.

Ẹni tó kọ́kọ́ yọjú padà ni ìyálé mi. Ẹyin wà nínú ìpèlé rẹ̀ síbẹ̀, agbọ̀n òrí rẹ̀ wà lórí. Ó gbé e kalẹ̀ ní iwájú mi. Ó ní, "Ìyá Onírin, ṣé ó kàn mí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ló kàn, ìyálé mi."

Iná yẹn máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tó bá lọ, a padà sídìí ọlọ, a ó máa bú ẹni tí a kò mọ̀. Lọ́jọ́ tó bá dé, obìnrin tò láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa dé ìdí òpó pẹ̀lú agbọ̀n. Òrí ìlú wa ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà Ìbàdàn kí ti àwọn mìíràn tó kúrò lódó.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ni mò ń sọ. Bí mo ṣe ń lọ ti ìyálé mi, mo wá Ìyá Àgbà kiri láàrin èrò, mi ò rí i. Mo yọjú síta. Ó wà ní ìdí òpó tó súnmọ́ ilé wa jù, ewúrẹ́ rẹ̀ ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi okùn so ó mọ́ òpó. Ó fà á wò. Ó tún fà á, ó fi gbogbo ara fà á.

Ó rí mi. Ó ké kọjá ariwo ẹ̀rọ pé, "Ìyàwó mi! Sọ fún ọmọ Abẹ́òkúta yẹn pé èyí kò lè tu!"